Robert Fortune àti Tíì Òkè Wuyi

Ẹ̀yin ọmọ Káàárọ̀-oò-jíire ẹlẹgbẹ́ wa, ẹ ó ti ṣàkíyèsí pé ohun tí àwa ń pè ní tíì, shayi ni àwọn Hausa tí a jọ ń gbé ìlú yìí ń pè é. Bí a bá jókòó sídìí tábìlì mai shayi ní ìrọ̀lẹ́, ọ̀rọ̀ méjèèjì ni à ń gbọ́ pọ̀, kò sì sí ẹni tó ń bèèrè ibi tí wọ́n ti wá. Ọ̀nà méjì ni wọ́n gbà dé ọ̀dọ̀ wa, ṣùgbọ́n ilẹ̀ Ṣáínà ni orísun àwọn méjèèjì. Cha ni ọ̀pọ̀ ará Ṣáínà ń pe ewé náà. Ọ̀rọ̀ yìí gba orí ilẹ̀, ó kọjá lọ́dọ̀ àwọn ará Páṣíà àti àwọn Lárúbáwá, ó di shayi. Àwọn ará etí òkun Fujian, ní gúúsù ìlà-oòrùn Ṣáínà, te ni tiwọn. Àwọn oníṣòwò Họ́láǹdì gbé ọ̀rọ̀ náà sínú ọkọ̀ ojú omi pẹ̀lú ẹrù wọn, ó dé ọ̀dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Gẹ̀ẹ́sì sì gbé e wá bá wa. Ọmọ Yorùbá tó bá ní òun fẹ́ mu tíì, èdè Fujian ló ń sọ láìmọ̀. (A ò tíì kan àwọn tó ń pe Bournvita àti Milo ní tíì o; ẹjọ́ ìyẹn di ọjọ́ mìíràn.)

Inú Fujian yìí kan náà ni òkè Wuyi wà, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń ṣe ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn tíì tí à ń pè ní oolong. Ẹnu àwọn ará Fujian ni àwọn òyìnbó ayé àtijọ́ ti gbọ́ orúkọ òkè náà tí wọ́n fi ń pè é ní Bohea. Nígbà tí àwọn ará Boston ní Amẹ́ríkà bínú sí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1773, tí wọ́n da àpótí tíì tó lé ní 300 sínú òkun, Bohea ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Tíì òkè yìí ti ń dá ìjà sílẹ̀ tipẹ́. Ẹni tí a fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ lónìí gun òkè náà pẹ̀lú irun ẹlòmíràn lórí, kì í sì í ṣe nítorí kí ó lè mu tíì nìkan ló ṣe lọ.

Robert Fortune ni orúkọ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà Fortune túmọ̀ sí oríire tàbí ọrọ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Orúkọ ń ro ni, ó sì rò ó díẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọrọ̀ tó kó wá fún ẹlòmíràn pọ̀ ju tirẹ̀ lọ jìnnà. Ọjọ́ 16 oṣù kẹsàn-án ọdún 1812 ni wọ́n bí i ní àgbègbè Berwickshire ní Skọ́tíláǹdì. Òṣìṣẹ́ oko ni bàbá rẹ̀, kò sì sí owó tí wọn yóò fi rán an lọ sí ilé ẹ̀kọ́ gíga bí irú èyí tí àwa wà yìí. Inú ọgbà ni ó ti kàwé tirẹ̀. Ó kọ́ iṣẹ́ ìtọ́jú òdòdó, ó ṣiṣẹ́ ní ọgbà ńlá tí wọ́n ti ń kọ́ nípa ewéko ní Edinburgh, nígbà tó sì di ọdún 1842, ó ti wà ní Chiswick lẹ́bàá Lọ́ńdọ̀nù, níbi tó ti ń bojú tó àwọn ilé onídígí tí ẹgbẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Horticultural Society ti ń tọ́jú igi ilẹ̀ olóoru.

Ọdún 1842 yẹn kì í ṣe ọdún lásán. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti sọ tíì di ohun tí wọn kò lè ṣe aláìmu, Ṣáínà ni wọ́n sì ti ń rà á, fàdákà sì ni Ṣáínà ń gbà. Ilé-iṣẹ́ East India, èyí tó ń ṣàkóso Íńdíà nígbà náà, ń mú ọ́píọ́mù jáde níbẹ̀, àwọn oníṣòwò ń kó oògùn olóró yìí wọ Ṣáínà ní fàyàwọ́, owó rẹ̀ ni wọ́n sì fi ń ra tíì. Ìjọba Ṣáínà kọ̀ jálẹ̀. Ogun bẹ́ sílẹ̀ ní 1839, Ṣáínà pàdánù rẹ̀ ní 1842, wọ́n sì fi ipá mú un kí ó ṣí èbúté márùn-ún sílẹ̀ fún àwọn òyìnbó. Fuzhou, Ningbo àti Shanghai wà lára wọn. Síbẹ̀ òfin kan kù tí wọn kò lè yí: òyìnbó kò gbọdọ̀ kúrò létí òkun lọ sí àárín ilẹ̀ ju ibi tí yóò lè dé ní ọjọ́ kan lọ. Àárín ilẹ̀ yẹn gan-an ni tíì wà.

Ní 1843 ni ẹgbẹ́ tí Fortune ń bá ṣiṣẹ́ rán an lọ sí Ṣáínà láti lọ wá òdòdó àti igi tí Ìlú Ọba kò ní. £100 ni owó iṣẹ́ rẹ̀ lọ́dún. Ó bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fún òun ní ìbọn. Wọ́n fà á mọ́ra kí wọ́n tó fún un. Ìbọn yẹn ló sì gbà á là, torí nígbà tó ń ti Fuzhou bọ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi àwọn ará Ṣáínà, tí ibà dá a dùbúlẹ̀, àwọn ajalèlókun yọ sí wọn. Ó dìde lórí ibùsùn, ó ní sùúrù títí ọkọ̀ wọn fi sún mọ́ tòsí, ó sì yìnbọn lù wọ́n títí tí wọ́n fi padà lẹ́yìn wọn. Ìrìn àjò yìí náà ni ó fi yanjú àríyànjiyàn kan. Linnaeus, ọ̀mọ̀wé ńlá tó fún ewéko lórúkọ, ti sọ pé igi ọ̀tọ̀ ni wọ́n fi ń ṣe tíì aláwọ̀ ewé, igi ọ̀tọ̀ ni ti tíì dúdú. Fortune fojú rí i pé kò rí bẹ́ẹ̀. Igi kan náà ni. Ọwọ́ ẹni tó ń ṣe é ló ń pín wọn níyà. Ó kọ ọ́ sínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1847, lẹ́yìn tó ti padà délé, ìwé yẹn ló sì mú kí Ilé-iṣẹ́ East India mọ̀ ọ́n.

Ọ̀rọ̀ ilé-iṣẹ́ náà kò ṣòro láti lóye. Ilẹ̀ wà lọ́wọ́ wọn lórí òkè Himalaya ní Íńdíà. Bí wọ́n bá lè gbin tíì síbẹ̀, kí ló tún kù tí wọn yóò máa bẹ Ṣáínà fún? Ní 1848 wọ́n fún Fortune ní £500 lọ́dún, ìlọ́po márùn-ún owó àkọ́kọ́, pé kí ó lọ mú igi tíì tó dára jù wá, kí ó mú irúgbìn wá, kí ó sì mú àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe wá. Ó gbà.

Nígbà tó dé Ṣáínà, aṣọ àwọn ará ibẹ̀ ni ó wọ̀. Wọ́n fá iwájú orí rẹ̀, wọ́n so irun gígùn mọ́ ẹ̀yìn orí rẹ̀ bí ti gbogbo ọkùnrin Ṣáínà ìgbà náà. Ẹni tó fá orí náà kò mọ̀ ọ́n fá, abẹ rẹ̀ kò sì mú. Omijé ń bọ́ lójú Fortune ni. Bí ẹnikẹ́ni bá bèèrè, àwọn ìránṣẹ́ rẹ̀ á dáhùn pé ènìyàn pàtàkì láti ìgbèríko tó jìnnà, lẹ́yìn Odi Ńlá, ni. Ṣáínà tóbi, àwọn ènìyàn sì gbà bẹ́ẹ̀. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣe tíì aláwọ̀ ewé ló kọ́kọ́ lọ. Ohun tó rí níbẹ̀ yà á lẹ́nu: àwọn òṣìṣẹ́ ń da àwọ̀ búlúù àti ẹfun kan mọ́ tíì tí wọ́n fẹ́ tà fún òyìnbó, torí òyìnbó fẹ́ kí tíì rẹ̀ dà bí ewé tútù lójú. Àwọn fúnra wọn kì í mu irú rẹ̀. Fortune ṣírò pé nínú ìwọ̀n pọ́ùn 100 irú tíì bẹ́ẹ̀, ẹni tó ń mu ún ń gbé ohun tó ju ìdajì pọ́ùn àwọ̀ náà mì. Ó kó díẹ̀ pamọ́ fún ìdánilójú, wọ́n sì pàtẹ rẹ̀ fún gbogbo ayé wò ní ìpàtẹ ńlá tó wáyé ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1851.

Oṣù karùn-ún 1849 ni ó gbéra láti Ningbo lọ sí Wuyi. Ìránṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Sing Hoo ló tẹ̀ lé e. Ó gba ojú odò, ó gba orí òkè, nígbà mìíràn nínú àga tí àwọn alááàrù gbé léjìká, títí ó fi débẹ̀. Wuyi kì í ṣe òkè kan ṣoṣo. Àpáta ńláńlá ni wọ́n, wọ́n dúró gágá lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, odò kan ń ṣe kọ́lọkọ̀lọ gba ìsàlẹ̀ wọn, ìkùukùu sì máa ń bò wọ́n lówùúrọ̀. Inú pàlàpálá àpáta àti ilẹ̀ pẹlẹbẹ kéékèèké tó wà láàárín wọn ni wọ́n gbin igi tíì sí. Àwọn àlùfáà ìsìn Búdà àti ti Táò tí ń gbé inú tẹ́ńpìlì orí òkè náà ni wọ́n ń tọ́jú púpọ̀ nínú oko yìí nígbà yẹn. Ọ̀dọ̀ wọn ni àlejò wa wọ̀ sí. Ó ti rẹ̀ ẹ́, òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, wọ́n sì gbé tíì fún un. Kò sí mílíìkì, kò sí ṣúgà. Ó sọ nínú ìwé rẹ̀ pé tíì kò tíì dùn mọ́ òun tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí ohun tó wà nínú ife yẹn, torí pé òun ni gbogbo ìtàn yìí dá lé. Bí a bá bẹ iṣu tí a kò tètè rẹ ẹ́ sínú omi, atẹ́gùn á fẹ́ sí i, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú. Bẹ́ẹ̀ náà ni ewé tíì tí ara rẹ̀ bó. Ẹni tó bá fẹ́ tíì aláwọ̀ ewé yóò tètè gbé ewé kaná kí ó tó pàwọ̀ dà. Ẹni tó bá fẹ́ tíì dúdú yóò lọ́ ewé náà, yóò sì fi í sílẹ̀ kí atẹ́gùn ṣiṣẹ́ rẹ̀ tán. Oolong wà láàárín méjèèjì, àárín yìí ló sì nira. Wọ́n á sá ewé sí oòrùn díẹ̀ kí ó lè rọ̀. Wọ́n á kó o sínú atẹ ọparun nínú ilé, wọ́n á máa gbọ̀n ọ́n bí ìgbà tí à ń fẹ́ ìrẹsì, kí etí ewé lè máa gbá ara wọn. Wọ́n á gbọ̀n ọ́n, wọ́n á fi sílẹ̀, wọ́n á tún gbọ̀n ọ́n, ilẹ̀ á ṣú, ilẹ̀ á fẹ́ẹ̀ mọ́. Etí ewé á pọ́n, àárín rẹ̀ á ṣì wà ní àwọ̀ ewé. Imú ni wọ́n fi ń mọ ìgbà tó tó: òórùn koríko á lọ, òórùn òdòdó á dé. Nígbà náà ni wọ́n á dà á sínú agbada gbígbóná bí ẹni ń yan gààrí, kí ó lè dúró síbi tó dé. Wọ́n á yí i, wọ́n á sì tún yan án lórí iná èédú tó rọra ń jó fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Ọ̀nà ti àná lè má bá ewé tòní mu, torí òjò, oòrùn àti ọ̀rinrin kò dúró lójú kan. Bí oorun bá sì gbé ẹni tó ń gbọ̀n ọ́n lọ, iṣẹ́ òru náà bàjẹ́.

Fortune rí bí wọ́n ṣe ń gbọ̀n ewé ní agbègbè yẹn, tí wọ́n ń fọwọ́ gbá a, tí wọ́n ń fi í sílẹ̀ kí òórùn rẹ̀ yí padà kí wọ́n tó gbé e kaná. Tíì dúdú ló pè é, torí orúkọ tí àwọn òyìnbó fún ohun tó bá ti Wuyi wá nìyẹn. Ẹni tó bá ka àpèjúwe rẹ̀ lónìí yóò rí i pé ọ̀nà oolong ló sún mọ́. Dírágónì dúdú ni orúkọ náà oolong túmọ̀ sí ní èdè Ṣáínà.

Mímu rẹ̀ náà ní ètò tirẹ̀. Pípò ni à ń po tiwa. Rírẹ ni wọ́n ń rẹ tiwọn. Àwọn ará Fujian àti ti Chaozhou tó múlé tì wọ́n a máa lo ìkòkò tíì kékeré, èyí tí omi rẹ̀ kò lè kún ife tiwa kan, wọ́n á sì da ewé sí i dáadáa, bíi gíráàmù 5 sí 8. Omi náà gbọ́dọ̀ hó. Wọ́n á fi omi gbígbóná ṣan ìkòkò àti ife kí ara wọn lè móoru. Omi tí wọ́n kọ́kọ́ bù sórí ewé, ọ̀pọ̀ wọn á dà á nù. Omi kejì kò ní lò ju ìṣẹ́jú àáyá 10 sí 20 lọ kí wọ́n tó dà á sínú àwọn ife pẹ́ńpẹ́ tí kò ju ìdajì èèpo ẹyin lọ. Wọ́n á gbọ́ òórùn rẹ̀, wọ́n á mu ún lẹ́ẹ̀mẹta, ó tán. Wọ́n á tún bu omi lé ewé kan náà, wọ́n á fi ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ kún un, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n á máa ṣe títí dé ẹ̀ẹ̀kẹfà tàbí ẹ̀ẹ̀keje. Ti ìṣáájú kì í jọ ti ìkẹyìn. Òórùn èédú ló máa ń ṣíwájú nínú ti Wuyi, ti òdòdó á tẹ̀ lé e, adùn kan á wá kù sọ́nà ọ̀fun bí ìgbà tí a jẹ obì tí a mu omi lé e. Ẹ̀yin tí ẹ kì í mu tíì àfi tí mílíìkì bá sọ ọ́ di funfun, ẹ má bínú, tiyín kọ́ ni èyí.

Nígbà tí Fortune kúrò ní Wuyi, ó ti gba igi kéékèèké lọ́wọ́ àwọn tó gbà á lálejò. Bí yóò ṣe gbé wọn kọjá òkun ló kù. Oníṣègùn kan ní Lọ́ńdọ̀nù, Nathaniel Ward, ti rí i ní nǹkan bí ogún ọdún ṣáájú pé ewéko tí a dé mọ́ inú ìgò máa ń wà láàyè fún ìgbà pípẹ́, torí omi tó bá gòkè lára rẹ̀ yóò tún padà sórí ilẹ̀ inú ìgò náà. Àpótí onídígí tí wọ́n ṣe nípa ọgbọ́n yìí ni Fortune lò. Ẹrù àkọ́kọ́ kò ṣe é ní rere: èyí tó kú nínú wọn kí wọ́n tó dé orí òkè ní Íńdíà pọ̀ ju èyí tó yè lọ, irúgbìn tó kó sínú àpò kò sì hù. Kò jáwọ́. Ó fọ́n irúgbìn sórí ilẹ̀ inú àpótí onídígí náà gan-an, ó fi ilẹ̀ díẹ̀ bò ó, ó dé e pa. Orí òkun ni wọ́n ti hù. Ní 1851 ó gbé wọn dé Íńdíà pẹ̀lú ọkùnrin Ṣáínà mẹ́jọ tó gbà síṣẹ́ tíì. Gbogbo igi tó tipasẹ̀ rẹ̀ dé Himalaya tó bí 20,000.

Ṣé olè ni? Àwọn ìwé kan ń pè é ní akíkanjú, àwọn kan ń pè é ní amí. Ó sanwó fún ohun tó gbà, a kò lè fi ìyẹn dù ú. Ṣùgbọ́n ó mọ òfin ilẹ̀ náà, ó sì para dà kí ó lè rú u. Àwọn tó fún un ní tíì mu kò mọ̀ pé oúnjẹ ọmọ wọn ló ń dì lẹ́rù lọ. Lójú tiwa, ẹni tó rán an níṣẹ́ jẹ̀bi jù ú lọ. Ọ̀rọ̀ yìí sì kàn wá ju bí a ti rò lọ. Ní 1848 kan náà tí Fortune gba iṣẹ́ yìí, wọ́n gbin ọ̀pẹ mẹ́rin sí ọgbà Bogor ní erékùṣù Java, ọ̀pẹ tí ìran rẹ̀ ti ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà wá. Ẹ wo ibi tí epo pupa Indonesia àti ti Malaysia dé lónìí, kí ẹ sì wo tiwa.

Àsọdùn wà nínú bí wọ́n ṣe ń sọ ìtàn Fortune ṣá. Kì í ṣe òun ló kọ́kọ́ mú tíì dé Íńdíà. Igi tíì wà nínú igbó Assam fúnra rẹ̀, òyìnbó sì ti rí i ní 1823. Wọ́n tilẹ̀ ti gbin ti Ṣáínà sórí Himalaya kí ó tó dé. Ti Assam ló gbòde jù ní ìkẹyìn, ẹ̀rọ ni wọ́n sì fi ń lọ́ ewé rẹ̀ nígbà tó yá. Tíì dúdú ni ẹ̀rọ wọ̀nyí ń ṣe, irú èyí tó wà nínú àpò tí à ń rì bọ omi ní yàrá wa. Ti oolong kò rọrùn bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin mẹ́jọ kò lè gbé òru Wuyi dání lọ sí Himalaya, ọjà tó ń dúró dè wọ́n kò sì fẹ́ ohun tó ń jẹ oorun ènìyàn. Ibi tí oolong ti gbilẹ̀ lẹ́yìn Fujian ni Guangdong tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àti Taiwan, níbi tí àwọn ọmọ Fujian fúnra wọn ti gbé e lọ. Ní 1869, ọmọ Skọ́tíláǹdì mìíràn, John Dodd, kó oolong Taiwan lọ tà ní New York.

Fortune tún padà sí Ṣáínà. Ní 1858 ìjọba Amẹ́ríkà gbà á kí ó bá wọn wá irúgbìn tíì. Ó kó o fún wọn, wọ́n sì dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́ kété lẹ́yìn náà. Ó dé Japan ní 1860. Ìwé mẹ́rin ló kọ nípa ìrìn àjò rẹ̀, ọ̀pọ̀ igi àti òdòdó ló sì ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ títí dòní. Ó kú ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọjọ́ 13 oṣù kẹrin ọdún 1880 ní ẹni ọdún 67, ibi ìsìnkú Brompton ni wọ́n sì sin ín sí. Ní 1888, tíì tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì rà láti Íńdíà ju èyí tí wọ́n rà láti Ṣáínà lọ fún ìgbà àkọ́kọ́.

Ní Wuyi, igi tíì àtijọ́ mẹ́fà ṣì wà lára àpáta kan, Da Hong Pao ni wọ́n ń pè wọ́n. Láti 2006 ni wọn kò ti já ewé wọn mọ́. Ẹ̀ka tí wọ́n gé lára wọn ni wọ́n ń gbìn. Ní 2022 ni àjọ UNESCO kọ ọgbọ́n ṣíṣe tíì ní Ṣáínà mọ́ àwọn ohun àjogúnbá aráyé, ti àwọn tó ń gbọ̀n ewé lóru ní Wuyi sì wà nínú rẹ̀.